Òfàfà àti Ayùn Aláriwo

Ààlọ́ o!

Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn. Ṣé ẹ ti sùn ni? Oúnjẹ tí ẹ jẹ kò tíì dà nínú yín. Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Ìbírónkẹ́, ti igi yẹn wọlé díẹ̀, iná ń kú lọ. Ẹ sún mọ́ ara yín. Ó di ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti gbọ́ ohùn mìíràn nínú àgbàlá yìí yàtọ̀ sí ti adìyẹ, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá pọ̀ jù, ẹ fara dà á. Ẹni tó ń dá gbé, ọ̀rọ̀ a máa kún un nínú.

Bàbá yín fẹ́ ra ayùn ẹlẹ́ńjìnnì fún mi. Ó ní kí ẹ yéé wá la igi ní gbogbo Sátidé, kí ẹnìkan máa wá fi ẹ̀rọ gé e fún mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó bi mí pé irú èwo ni mo fẹ́, èyí tí yóò pẹ́ lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó wàyí. Àlọ́ mi já ewé, ó já ẹ̀ka, ó bọ́ lé Òfàfà lórí.

Ẹ mọ Òfàfà? Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, kí lẹ mọ̀. Ẹranko kékeré onírun ni, kò ju ológbò lọ. Nínú ihò igi gíga ló ń gbé. Òun náà ni ẹ máa ń gbọ́ tó ń ké nínú igbó ẹ̀yìnkùlé mi, tí Akínlàdé fi máa ń sá wá sórí ẹní mi. Má sọ pé kì í ṣe ìwọ.

Ní ayé ijọ́un, ilẹ̀ ni Òfàfà ń gbé, nínú ìlú, láàárín àwọn ẹranko yòókù. Ilé rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ìlú lẹ́bàá igi àràbà kan. Ó ní ìrù nígbà náà, ìrù gígùn tó kún fún irun. Aya rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ fún un. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun àti ìrù rẹ̀ ni wọ́n jọ ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ní ìlú yẹn, bí òjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àáró ni wọ́n fi ń gé igi ìdáná. Ẹ ò mọ àáró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Gbogbo ìlú yóò pé jọ sílé ẹnìkan, wọn yóò gé igi rẹ̀, wọn yóò là á, wọn yóò tò ó jọ. Onílé ni yóò se oúnjẹ. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó di ilé ẹlòmíràn. Wọn yóò máa yí i ká bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan gbogbo ilé. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe tirẹ̀, tí kò wá sí ti ẹlòmíràn, wọn kì í bú u, wọn kì í nà án. Wọn ò kàn ní dé ilé rẹ̀ mọ́ ni. Nínú ìyà méjèèjì, èmi mọ èyí tí n óò yàn.

Ayùn ẹlẹ́ni-méjì ni wọ́n ń lò. Ó gùn, ó ní ìdìmú níhìn-ín, ó ní ìdìmú lọ́hùn-ún. Ẹnìkan a fà á sọ́dọ̀, ẹnì kejì a fà á padà. Òfàfà àti Ọ̀yà ni wọ́n jọ ń fa ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Òfàfà ló ń lé orin, Ọ̀yà ló ń gbè é. Ohùn Òfàfà dùn nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn! Ẹ̀yin ẹ jẹ́ Ọ̀yà, ẹ máa wí pé, "Kí n fà á sí ọ."

Fà á sí mi o,
*Kí n fà á sí ọ.*
Igi àyìn le,
*Kí n fà á sí ọ.*
Ọwọ́ kan kò gé e,
*Kí n fà á sí ọ.*
Òní ilé tèmi,
*Kí n fà á sí ọ.*
Ọ̀la ilé tìrẹ,
*Kí n fà á sí ọ.*

Ó dùn mọ́ mi. Akínlàdé, ohùn tìrẹ jọ ti òbúkọ, ṣùgbọ́n má dákẹ́.

Ó wá di ọdún kan, Ọ̀yà ni àáró kọ́kọ́ kàn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì mọ̀ pé ìyá ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Igi ilé wọn sì ti ń tán lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Òfàfà lọ sílé Ọ̀yà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìrù bo ejìká.

"Ọ̀yà, ọ̀rẹ́ mi."

"Òfàfà, kú ìrọ̀lẹ́ o. Wọlé wá jókòó."

"N kò jókòó. Òtútù ń mú mi. Láti ọjọ́ tí ìyá ilé mi ti lọ, egungun mi kò gbóná rí. Jọ̀wọ́, yọ̀ǹda ọjọ́ rẹ fún mi. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gé tèmi."

Ọ̀yà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo àwọn ọmọ. Obìnrin náà ló dáhùn.

"Ẹ fún un, bàbá àwọn ọmọ. Ẹni tó ń dá sùn ni òtútù ń mú jù. Igi wa ṣì lè tó ọjọ́ márùn-ún."

Inúure nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn. Òtútù tí Òfàfà wí kì í ṣe irọ́ o. Ohun tó fẹ́ fi igi náà ṣe ló pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n.

Ilẹ̀ mọ́. Ìlú pé sílé Òfàfà. Wọ́n gé igi, wọ́n là á, wọ́n tò ó títí ó fi kan àjà. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣàwàdà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń fi ìrù Òfàfà ṣeré. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó dàárọ̀ o, wọ́n sì lọ. Gbogbo wọn ló lọ.

Ilé wá dákẹ́. Ẹ ò tíì mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ ọ́n. Àwo tí àlejò jẹun tán nínú rẹ̀ wà nílẹ̀, ìjókòó wà níbi tí wọ́n jókòó sí, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí wọn. Òfàfà wo àwọn ìjókòó náà títí. Ó ní, "Wọ́n á wá, wọ́n á tún lọ. Èmi ni n óò máa ṣọ́nà. Ó tó gẹ́ẹ́. N óò ra ohun tí kò ní jẹ́ kí n nílò ẹnikẹ́ni mọ́."

Kí àkùkọ tó kọ, ó ti di gbogbo igi náà lẹ́rù. Igi tí ìlú fi òógùn gé, ó kó o lọ sí ìkóríta, lọ́dọ̀ Òòrẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan báyìí ni Òòrẹ̀, ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn. Òun ló ń ta ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, òun ló sì ń tún un ṣe. Ó wo ẹrù igi, ó ní ó tó pààrọ̀ ayùn kan. Ó gbé méjì jáde. Ọ̀kan dúdú, ó kúrú, apá tí eyín rẹ̀ wà kò ju ìgbọ̀nwọ́ mi yìí lọ, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti bó díẹ̀díẹ̀. Èkejì pupa fòò, ó ń dán, apá rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín.

Òòrẹ̀ bi í pé, "Irú igi wo lo fẹ́ máa gé?"

"Igi ìdáná ni, Bàbá Òòrẹ̀. Ti inú ilé."

"Mú dúdú. Igi ìdáná kò fẹ́ apá gígùn. Èyí tó gùn, tó bá há sínú igi líle, á tẹ̀. Wò ó, dúdú yìí ní ihò tí òróró ń gbà lọ sára ṣéènì tó gbé eyín rẹ̀. Bí eyín rẹ̀ bá kú, fáìlì kékeré ni wàá fi pọ́n ọn. Bí púlọ́ọ̀gì tó ń tanná sí i bá kú, mo ní òmíràn. Mo mọ gbogbo egungun rẹ̀."

"Pupa ńkọ́?"

"Ibi tó ti wá jìnnà. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀yà ara rẹ̀ níhìn-ín. Bó bá ṣubú, kò sí ẹni tí yóò gbé e dìde. Ọmọ mi, gbogbo ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ ló ń bàjẹ́. Èyí tó ní ẹni tí yóò tún un ṣe nítòsí ló ń pẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà? Òfàfà kò gbọ́ ọ. Ó fi etí kan gbọ́ ọ, ó fi èkejì dà á nù. Ẹ mọ ohun tó bi bàbá náà?

"Nínú méjèèjì, èwo ló ń dún jù?"

Ọ̀rọ̀ náà ya Òòrẹ̀ lẹ́nu. "Èwo ló ń dún jù bí ti báwo? Ṣé ariwo ni wàá fi dáná?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní gbogbo ìlú. Kí wọ́n mọ̀ pé mo ti ní tèmi."

Òòrẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó fa okùn pupa. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń wúkọ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, ó wá ké, wáàààà! Ẹyẹ fò lórí igi. Inú Òfàfà dùn.

"Ó dáa, mú un lọ," ni Òòrẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí, dúdú ni o, pupa ni o, a kì í dá ayùn yìí lò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò gbọ́ bí o bá ké. Ta lo ní nílé?"

Òfàfà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá ilé mi wà níbẹ̀."

Hùn. Aya tó ti kú.

Ọjọ́ karùn-ún pé. Ìlú pé sílé Ọ̀yà. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọn ò rí Òfàfà. Ọ̀yà di ìdìmú kan lára ayùn ẹlẹ́ni-méjì mú, kò sí ẹni tó di èkejì mú. Ló bá lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó pè é.

"Òfàfà! Ilé mi ló kàn lónìí o. Gbogbo ayé ti dé."

"Mi ò ṣe àáró mọ́," ni Òfàfà wí láti inú ilé. "Mo ti ní ẹ̀rọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé e bọ̀, kí a jọ lò ó."

"Ẹ̀rọ mi kì í rìn."

Ọ̀yà sún mọ́ ọgbà. Ó ní, "Òfàfà, ọmọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀."

Òfàfà fa okùn ayùn rẹ̀. Wáàààà! Ohùn yẹn ni Ọ̀yà gbọ́ dípò èsì. Ó yí padà, ó lọ.

Wọ́n bá Ọ̀yà gé e náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pẹ́. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Òfàfà kò mọ bí Ọ̀yà ṣe ń fà á. Òjò bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, igi tutù. Nígbà tí wọ́n dáná rẹ̀, èéfín gba ilé. Ìyá ń wúkọ́, ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wúkọ́, omi kò sì gbóná.

Òfàfà ní tirẹ̀ ń gé igi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, wáàààà! Ìlú gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wáàààà! Ìlú gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ki í bọ igi àyìn. Àyìn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Apá gígùn yẹn há, ó tẹ̀, ṣéènì já, ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́. Òfàfà fa okùn rẹ̀ títí okùn fi já sí i lọ́wọ́.

Kí ni ì bá ṣe? Kó lọ bá Òòrẹ̀? Òòrẹ̀ ti sọ tirẹ̀. Kó lọ bá Ọ̀yà? Ojú tì í. Ó wá ro ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n tó pọ̀ jù níí sọ ẹni di òmùgọ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ya ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀fun dún bí ayùn.

"Kẹ́ẹ́. Kẹ́ẹ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Wáàààà!"

Àwọn ará ìlú ní, "Ẹ gbọ́ Òfàfà. Iṣẹ́ ń lọ."

Báyìí ló ń ṣe lójoojúmọ́. Kò gé igi kankan. Ó jókòó nínú òtútù, ó ń ké kí àwọn tó ti lé lọ lè rò pé òun kò nílò wọn. Ọ̀fun rẹ̀ bó, ohùn dídùn tó fi ń lé orin bàjẹ́. Àwọn ará ilé Ọ̀yà ń gbọ́ ọ nínú èéfín wọn. Kò sí ẹni tó wá. Ó ṣe tán, ta ni yóò lọ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí tó bẹ́ẹ̀?

Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Bàbá yín á pè mí lórí fóònù, á ní, "Màámi, ṣé ẹ wà dáadáa?" Màá ní, "Mo wà dáadáa, ọwọ́ mi dí." Ọwọ́ wo? Ẹ jẹ́ ká máa bá àlọ́ lọ.

Òtútù wá mú Òfàfà débi pé kò lè fara dà á mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé àáké, ó kọjú sí ìtì àyìn yẹn. Ó ṣá a, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó fi èèkàn igi há a lẹ́nu kó má padé. Bí ẹ bá ń la irú igi bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ló ń di èèkàn mú, ẹnìkan ló ń ṣá a. Òfàfà jókòó gùn ún, ó ń ṣá a lóun nìkan, ìrù rẹ̀ sì bọ́ sínú ẹnu igi náà. Kò mọ̀. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Èèkàn fò yọ. Igi padé, gbàgà!

Yéè!

Ó fà á, kò jáde. Ó nawọ́ sí àáké, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó ya ẹnu kó ké pe Ọ̀yà, kó ní, "Ọ̀yà, gbà mí o!" Ọ̀fun tó ti bó kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó jáde ni, "Kẹ́ẹ́. Kẹ́ẹ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Wáàààà!"

Àwọn ará ìlú ní, "Òfàfà ti tún bẹ̀rẹ̀. Lónìí, kò tilẹ̀ dúró di ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀yà gbé orí sókè. Ó ní, "Ó dà bíi pé ẹkún wà nínú ti òní."

Wọ́n ní, "Jókòó jàre. Ẹ̀rọ kì í sunkún."

Ọ̀yà jókòó.

Òfàfà ké títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìlú gbọ́ ọ dáadáa gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó ń bọ̀, ó fi gbogbo agbára fa ara rẹ̀. Ìrù já. Tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára, ó gun igi àràbà ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ó wọ inú ihò òkè lọ́hùn-ún, ó ká jọ síbẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Ọ̀yà fi dé, nítorí kò rí oorun sùn. Ó rí ìrù nínú igi. Ó rí ayùn pupa tí aláǹtakùn ti ta òwú sí lára. Ó dúró, ó rò ó, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó wo òkè àràbà, ó rí ojú méjì nínú ihò. Kò bú u. Ó padà sílé, ó gbé ayùn ẹlẹ́ni-méjì wá, ó gbé e lé ìtì àyìn, ó di ìdìmú kan mú. Ó wá lé orin tí kì í ṣe òun ló ń lé e tẹ́lẹ̀.

Ẹ má gbè é o. Mo ní kí ẹ má gbè é. Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́.

Fà á sí mi o.

Igi àyìn le.

Ọwọ́ kan kò gé e.

Ẹ gbọ́ ọ? Ègbè kan ṣoṣo ló ń retí. Kí Òfàfà ṣáà ti gbè é ni, kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ ìbáà há, Ọ̀yà ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n ojú ń ti Òfàfà nítorí ìrù rẹ̀, ojú ń tì í nítorí irọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀yà dúró títí oòrùn fi gun àtàrí. Àwọn ọmọ ń wúkọ́ nílé. Ó gbé ayùn rẹ̀, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́ kí Òfàfà tó ya ẹnu láti dáhùn. Kò sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Òfàfà kò ti ní ìrù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé nínú ihò igi, òun nìkan, tó sì ń ké bí ẹ̀rọ tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ òmíràn tí yóò dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má rò pé ó ń gbè é. Òun náà ń lé tirẹ̀ ni. Gbogbo wọn ló ń lé orin nínú igbó yẹn, kò sí èyí tó ń gbè.

Bí mo bá parọ́ níbì kankan, kí igi tó wà nínú iná yìí kọ̀ láti jó. Ó ń jó àbí kò jó? Ẹ rí i pé n kò parọ́.

Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún bàbá yín pé mo ti yan tèmi. Kó ra èyí kúkúrú, kó má wo àwọ̀ rẹ̀, kó sì kọ́kọ́ bi atúnkẹ̀kẹ́ṣe ìkóríta wa bóyá ó mọ irú rẹ̀ tún ṣe. Kó ra fáìlì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó má rán ẹnikẹ́ni wá gé e lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ sọ fún un pé, àgbà tó ń tà á ní a kì í dá a lò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Kí òun alára máa gbé e wá ní Sátidé, kí ẹ tẹ̀lé e, èmi á máa gbé iṣu kaná. Bó bá ní ṣé kì í ṣe pé màámi wà dáadáa, ọwọ́ wọn dí, ẹ ní mo ní irọ́ ni. Ọwọ́ mi kò dí rárá.

Ó tó. Ẹ dìde, ẹ ká ẹní. Ìbírónkẹ́, Akínlàdé, ẹ gbè é fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó lọ, kí ó lè kù sínú ilé.

Fà á sí mi o.